Iṣu Ìkórè àti Káríà Tí Mo Ṣe

Ẹ jọ̀ọ́, ta ni nínú yín tó ti ṣe nǹkan rí, tí nǹkan ọ̀hún ṣiṣẹ́ dáadáa débi pé ó wù ú kí wọ́n kúkú nà án nítorí ẹ̀? Èmi ti ṣe é.

Bí mo bá ti gbóòórùn rọ́bà tíúbù, Òkè-Onígbìn, ìlú wa, laago méje àárọ̀ ló ń wá sí mi lọ́kàn. Máṣíìnì kan ṣoṣo ni bàbá mi ní. Lọ́jọ́ Sátidé, ó ń gbé apẹ̀rẹ̀ oko. Lọ́jọ́ Sọ́ńdè, ó ń gbé ìyá mi. Rọ́bà ni wọ́n fi ń de apẹ̀rẹ̀ mọ́ káríà ẹ̀yìn, títú ẹ̀ sì le ju oko ríro lọ. Bàbá mi á fi eyín fà á, á ní, "Ohun tá a fi sùúrù dè, sùúrù la ó fi tú u."

Èmi ò ní sùúrù kankan. Mo wà ní kíláàsì kejì ní sẹ́kọ́ńdìrì, mo ṣe ipò kejìlélọ́gbọ̀n nínú àwa mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n, mo sì gbà pé ẹnjiníà ni mí.

Mo yọ irin méjì tí wọ́n fi ń ti fèrèsé àtijọ́ kan lẹ́yìnkùlé wa, jórinjórin ojú títì bá mi jó wọn mọ́ káríà. Ẹ ṣáà fa irin méjèèjì, apẹ̀rẹ̀ ti bọ́ nìyẹn. Bàbá mi fà á lẹ́ẹ̀mẹta, ó rẹ́rìn-ín. "Tó bá bá wa dé ṣọ́ọ̀ṣì lọ́la, a ò ní yọ ọ́ mọ́." Kò sí nǹkan tí mo fẹ́ láyé jùyẹn lọ.

Ìkórè ni ọ̀la ọ̀hún. Ìyá mi ṣàìsàn gan-an lọ́dún yẹn, ó sì jẹ́jẹ̀ẹ́ pé tóun bá dìde, iṣu mẹ́wàá tó tóbi jù lóko òun, ti Ọlọ́run ni. Ó wá lófin kan: ẹni tó ń gbé ọrẹ ìkórè lọ kì í bojú wẹ̀yìn, kó má dà bíi pé iṣu ń dùn ún.

Èmi wà lórí táǹkì, bàbá mi tẹ̀lé mi, ìyá mi tẹ̀lé e, apẹ̀rẹ̀ ló kẹ́yìn. A bọ́ sí kòtò kan, a jáde, a tún bọ́ sí òmíràn. Làwọn èèyàn bá ń juwọ́ sí wa. Bàbá mi náà ń juwọ́ padà. Àwọn kan tiẹ̀ ń sáré tẹ̀ lé wa, inú mi ń dùn pé káríà mi ni wọ́n ń wò.

"Ẹ má wẹ̀yìn o!" ni ìyá mi ń wí.

A dé ṣọ́ọ̀ṣì. Ìyá mi nawọ́ sẹ́yìn, kò bá nǹkan kan. Èmi ẹnjiníà ti dojú irin méjèèjì kọlẹ̀, gbogbo kòtò tá a bọ́ sí ló ń bá wa fà wọ́n jáde díẹ̀díẹ̀. Ìyá mi jókòó sórí àtẹ̀gùn, ó ń wo ọwọ́ ẹ̀. Ì bá kúkú nà mí.

Ìgbà yẹn ni Bàbá Ààfáà, aládùúgbò wa, sọ̀ kalẹ̀ lórí ọ̀kadà, apẹ̀rẹ̀ lórí itan ẹ̀.

"Ìyá Táyọ̀, ṣé ẹ̀ ń sá fún iṣu yín ni? Iwájú ilé mi lẹ já a sí. Ọ̀kan fọ́, mo ti fi tèmi dí i."

Ìyá mi gbé e rù, ó jó wọlé. Bàbá mi bẹ̀rẹ̀ mọ́ mi létí. "Táyọ̀, nǹkan tó o ṣe yá lóòótọ́. Àwa la ò yá tó o." Ó wá fa rọ́bà yọ lápò ẹ̀. Àṣé ó ti mú un dání látilé.

Mo ti jáde sẹ́kọ́ńdìrì báyìí, ọ̀dọ̀ jórinjórin kan ní Òmù-Àrán ni mo ti ń kọ́ṣẹ́. Káríà karùn-ún mi rèé: irin ẹ̀ dábùú, sípíríǹgì sì dì í mú. Ọmọ ìjọ́sí ò mọ nǹkan kan, ẹ̀rù ò sì bà á. Èmi ti mọ díẹ̀, ni mo bá di ẹni tó ń wẹ̀yìn ṣáá. Òní náà ìkórè ni, káríà ọ̀hún ti wà lẹ́yìn máṣíìnì bàbá mi níta, iṣu mẹ́wàá nínú apẹ̀rẹ̀, mo sì ti lọ mì ín lẹ́ẹ̀mẹrin kí n tó—

"Táyọ̀! Ṣé ká máa lọ ni, àbí kí n mú rọ́bà?"

"Mò ń bọ̀, sà! Ẹ fi rọ́bà sílẹ̀!"