Onílàjà Kọ̀ǹpútà ní Àgọ́-Ìwòyè

Ọ̀gá tó ń tọ́jú kọ̀ǹpútà ní ilé-ìwé kan ní Àgọ́-Ìwòyè kì í fọwọ́ kan ẹ̀rọ tó bá daṣẹ́ sílẹ̀ láìkọ́kọ́ bi í pé, "Ta ló bú ta?" Lójú tirẹ̀, ìjà ni gbogbo àìsàn kọ̀ǹpútà.

Mo wà níbẹ̀ nígbà tí ìdánwò ku ọ̀la, tí ìwé ìwọlé kò jáde sórí fóònù àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Wọ́n kún ẹnu ọ̀nà, ẹ̀rù ń bà wọ́n.

Ètò méjì ló ń jà nínú ẹ̀rọ náà. Ọ̀kan ń yẹ gbogbo ohun tó ń jáde wò. Èkejì ń dì í pa kí olè má baà kà á lọ́nà.

Igbákejì rẹ̀, obìnrin ará Òde-Omi, ìlú àwọn apẹja, ní, "Èyí tó ń dì í ni mo fi ṣáájú, sà. Òun ló kọ́kọ́ dé inú ẹ̀rọ. Ẹ̀gbọ́n ni."

Ọ̀gá bú sẹ́rìn-ín. "Ẹ̀gbọ́n kẹ̀! Ṣé ẹ máa ń rán ẹnu àpò ẹja pa kí oníbodè tó wo inú rẹ̀ ni?"

"Rárá o! Á gbẹ́sẹ̀ lé e ni."

"Ohun tí àbúrò tó ń yẹ nǹkan wò ń ṣe sí ìwé ìwọlé nìyẹn."

Ó fi ayẹ̀wò ṣáájú, ó fi dídì tẹ̀lé e, ó wá bẹ kọ̀ǹpútà: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú. Iṣẹ́ ni, kì í ṣe oyè."

Láìpẹ́, ọmọbìnrin kan pariwo pé, "Tèmi ti jáde o!" Ni wọ́n bá ya wọlé, wọ́n gbé ọ̀gá sókè.

"Ẹ sọ̀ mí kalẹ̀, ẹ lọ kàwé! Tẹ́ ẹ bá fìdí rẹmi lọ́la, mi ò mọ ẹni tí màá bá yín bẹ̀."