Mi Ò Jókòó Títí Wọ́n Fi Kọ Orúkọ Jóṣúà

Lónìí, mo kọ̀, mi ò jókòó, gbogbo ìpàdé sì bá mi dúró.

Ìpàdé àwa ọmọ Ìlá ni. Wọ́n ń ka orúkọ àwọn agbábọ́ọ̀lù àtijọ́ tí wọ́n máa kọ sára ògiri pápá. Wọn ò dárúkọ Jóṣúà, ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin tó ń ṣọ́lé fún ẹgbẹ́ àdúgbò wa kí Nàìjíríà tó gbòmìnira.

Mo dìde. "Akọ̀wé, Jóṣúà ńkọ́?"

"Màmá, ẹ má bínú. Ẹgbẹ́ wọn ò borí rí."

"Ta ló ní wọ́n borí? Àwọn tó wà níwájú ni ò mọ bọ́ọ̀lù gbá! Lọ́jọ́ tí ẹgbẹ́ ìlú Ọ̀tan gbá bọ́ọ̀lù mẹ́ta wọlé wa, èyí tí Jóṣúà mú lé ní ogún. Bọ́ọ̀lù aláwọ tó ti mu omi òjò, ọwọ́ lásán ló fi ń mú un. Ìka rẹ̀ méjì ò nà mọ́ títí ó fi kú."

"Ẹ jókòó, mà."

"Mi ò jókòó."

Ta ni yóò jókòó kí àgbà wà lórí ìdúró? Ni wọ́n bá ń dìde lọ́kọ̀ọ̀kan, títí kan alága. Nígbà tó rẹ alága, ó ní, "Akọ̀wé, jọ̀ọ́, kọ orúkọ bàbá yẹn."

Mo ní kó kà á sókè. Ó kà á. Mo jókòó.

Orúnkún ń dùn mí báyìí. Ẹ̀yin tí bàbá yín gbá bọ́ọ̀lù sí Jóṣúà rí, ẹ bọ́ síbí, kí ẹ wá sọ òótọ́ nípa bó ṣe ń mú bọ́ọ̀lù.