Bí Mo Ṣe Ta Káàdì Mi fún Alàgbà Kan

Ọjọ́ àkọ́kọ́ tí káàdì gidi bọ́ sí mi lọ́wọ́, mo bà á jẹ́. Nínú póòkà, eré káàdì tí a ń fi owó ta, káàdì méjì ni oníkálukú ń fi pamọ́. Márùn-ún á wà lójú tábìlì fún gbogbo wa. Ẹni tí àpapọ̀ tirẹ̀ àti ti tábìlì bá dára jù ló ń kó owó. Ọba mẹ́ta àti ẹ̀sán méjì ni mo ní. Inú mi dùn débi pé mo ti gbogbo owó iwájú mi sáàárín. Kíá ni gbogbo wọn da káàdì wọn sílẹ̀, wọn kò bá mi ta á mọ́. Ohun tí mo rí kó kò tó owó ọkọ̀ dé Ìyámoyè.

Bọ̀dá Ṣẹ́gun, ọmọ Ògìdì tó ń kọ́ mi níṣẹ́, pè mí sẹ́yìn òtẹ́ẹ̀lì tí a ti ń ta á ní Kàbà.

"Ọjà lo gbé lọ́wọ́ yẹn," ló wí. "Ṣé báyìí la ṣe ń tajà? Wo ojú oníbàárà. Iye tí agbára rẹ̀ ká ni kí o dá lé e. Díẹ̀ lákọ̀ọ́kọ́, kí ó lè san. Fi kún un lẹ́ẹ̀kejì. Tó bá di ẹ̀ẹ̀kẹta, owó rẹ̀ ti wọ inú rẹ̀ jù, kò ní lè padà."

Mo kọ́ ọ. Ọdún mẹ́sàn-án ni mo fi jẹun nídìí rẹ̀. Mo fi tún ilé ìyá mi ṣe, òun náà kò sì béèrè iṣẹ́ mi lẹ́ẹ̀mejì.

Lọ́sàn-án Sátidé kan, alàgbà kan wọlé. "Okun o," ló kí wa, ó sì jókòó kọjú sí mi. Ó ní olùkọ́ lòun, òun ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ̀yìn tì ni.

Kò pẹ́ tí èje méjì fi bọ́ sí mi lọ́wọ́, méjì tún wà lójú tábìlì. Kò sí ohun tó lè gbé dé tó lè borí wọn. Mo fi díẹ̀ sílẹ̀, ó san. Mo fi kún un. Ó wo káàdì rẹ̀ títí, ó san. Nígbà tó kan ẹ̀ẹ̀kẹta, mo wo ojú rẹ̀ bí wọ́n ṣe kọ́ mi. Ó gbé ọwọ́ lé owó tó kù níwájú rẹ̀, ó ń kà á. Mo mọ iye tí yóò san. Gbogbo rẹ̀ ni.

"Mi ò fi kún un mọ́," ni mo wí, mo sì ṣí káàdì mi.

Alàgbà wò wọ́n, ó wò mí. "Ọmọ mi, kí ló dé tí o ò gba ìyókù?"

"Bàbá, ẹ máa mú un lọ sílé."

Bọ̀dá Ṣẹ́gun sìn mí dé ẹnu ọ̀nà. Kò bínú. "Ẹni tó bá ti ṣàánú nídìí tábìlì," ló wí, "iṣẹ́ ti tán lọ́wọ́ rẹ̀."

"Mo mọ̀," ni mo fèsì.

Sátidé tó tẹ̀ lé e, mo gbọ́ pé alàgbà náà padà lọ, ẹlòmíràn sì gba gbogbo owó náà lọ́wọ́ rẹ̀. Èmi kò padà. Iṣẹ́ tí mo mọ̀ jù láyé nìyẹn, n kò sì lè ṣe é mọ́.