Àlọ́ tí Mo Kà Lójú Màámi

Òórùn ìwé tuntun ni mo kọ́kọ́ gbọ́ láàárọ̀ ọjọ́ náà, kí n tó fojú rí ìwé fúnra rẹ̀. Ọyẹ́ ń mú ní Tẹ̀dé, ètè gbogbo wa ti là, òrí tí a fi pa á ń rùn ní kíláàsì. Tíṣà wa ṣí páálí kan, wọ́n fa ìwé kan ṣoṣo yọ: àlọ́ àwọn ọmọ Íńdíà, Ṣáínà, Rọ́ṣíà àti àwọn ìlú tí a ò gbọ́ orúkọ wọn rí. Wọ́n ya ẹkùn kan tó wé láwàní sí èèpo rẹ̀. Tíṣà ní ẹni tó bá ka àlọ́ kan sétí kíláàsì ni yóò gbé e lọ sílé fún gbogbo ọlidé.

Ta ni ì bá tún gbà á bí kò ṣe èmi? Kò sẹ́ni tó mọ̀wé kà tó mi ní pámárì fọ́ọ̀, mo mọ̀ bẹ́ẹ̀, mo sì ń fi yangàn. Àmọ́ nígbà tí wọ́n na ìwé náà sí mi, n ò lè la ẹnu. Aago méjìlá ọ̀sán ni. Ìyá bàbá mi ti sọ fún wa pé ẹni tó bá pàlọ́ lọ́sàn-án, ìyá rẹ̀ á kú, wọn ò sì rẹ́rìn-ín nígbà tí wọ́n ń sọ ọ́.

Tíṣà rò pé orí kunkun ni mò ń ṣe. Wọ́n ti ń na ìwé sí Sùbérù, tó máa ń kàwé bí ẹni ń ṣa òkúta nínú ìrẹsì, kí n tó bú sẹ́kún, kí n sì sọ tinú mi. Mo rò pé àwọn ọmọ kíláàsì á fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Sùbérù fawọ́ sẹ́yìn. Òun náà ní ìyá.

Màámi ń sá iṣu gbodo lórí àpáta ẹ̀yìn ilé ìwé, ni Tíṣà bá ránṣẹ́ pè wọ́n. Wọ́n wá, wọ́n gbọ́ ọ̀rọ̀ náà.

"Tíṣà, ẹ má bínú," màámi ní. "Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n sọ fún èmi náà. Kí ọmọ má baà fiṣẹ́ sílẹ̀ ni wọ́n ṣe ń sọ ọ́." Wọ́n jókòó sórí bẹ́ǹṣì iwájú, wọ́n kọjú sí mi. "Àṣàkẹ́, kà á. Ọlọ́run ló ni ẹ̀mí, ìwé kọ́."

Bí ẹnikẹ́ni bá ráhùn iṣẹ́ nílé wa, ọ̀rọ̀ màámi ni pé ẹni tó máa jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké. Òun ni mo rántí. Mo ṣe Bísímílà, mo bẹ̀rẹ̀. Bí mo bá ka gbólóhùn kan, mà á gbójú sókè wò bóyá màámi ṣì ń mí. Mo kà á tán, màámi ṣì wà níbẹ̀. Wọ́n ní, "Ṣé ó tán? Ewúrẹ́ á ti dé ìdí gbodo mi." Wọ́n jáde.

Bí mo ṣe gba ìwé nìyẹn. Ìyá bàbá mi gan-an ní kí n máa kà á fún àwọn, ṣùgbọ́n ó di alẹ́, lẹ́yìn ìrun ìṣáà.

Mo ti lé ní àádọ́ta ọdún báyìí, ilé ìkàwé àwọn ọmọdé ni mò ń bójú tó ní Ìsẹ́yìn. Ọ̀sán gangan ni mo máa ń ka àlọ́ gbogbo ayé fún wọn, inú mi a sì máa dùn. Màámi wà láyé, eyín wọn ló kàn dín kù. Lọ́jọ́ kan mo bi wọ́n bóyá ẹ̀rù bà wọ́n lórí bẹ́ǹṣì yẹn.

"Ẹ̀rù bà mí," wọ́n ní, "àmọ́ ìwé yẹn wù ọ́."

Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án tí mo jẹ́ nígbà náà rò pé òun ló láyà jù ní kíláàsì lọ́jọ́ yẹn.