Abọ́ Tánńganran Lẹ́gbẹ̀ẹ́ Kọ̀ǹpútà

Tìrìmísíyù Bádéjọ, ayàwòrán ní Lásúnwọ̀n, Ìkòròdú, pé ẹni ọdún mọ́kàndínláàádọ́ta nínú oṣù tó kọjá. Ní ọjọ́ Àìkú ọ̀sẹ̀ yìí ló dá abọ́ tánńganran tí ìyá rẹ̀ fi ń fọ ẹja padà sí Ẹ̀pẹ́. Ọjọ́ mẹ́sàn-án gbáko ni abọ́ náà fi jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ̀ǹpútà nínú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, tí àwọn oníbàárà tó wá ya fótò pásípọ́ọ̀tù ń wò ó tìyanu-tìyanu. Ẹni tó bá béèrè, èsì kan náà ló ń gbà: "Ó ń bá mi ṣiṣẹ́ ni." Òótọ́ sì ni.

Ọ̀rọ̀ náà ti pẹ́. Ní nǹkan bí ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún sẹ́yìn, ìyá rẹ̀, Àlàájà Fàlílátù, tí gbogbo Pópó Ọba ní Ẹ̀pẹ́ mọ̀ nídìí ẹja yíyan, ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Mẹ́kà dé. Ọmọ rẹ̀ ya fótò ńlá fún un, ó fi férémù aláwọ̀ wúrà sí i, ó sì gbé e wọlé tayọ̀tayọ̀. Ìyá wò ó títí.

"Àlàájà ta nìyí?"

"Ẹ̀yin ni, Màmá."

"Èmi? Èmi tí mo dúdú bí ìdí ìkòkò, tí mo sì ń dúpẹ́? Ẹni yìí pọ́n bí ẹ̀bà elépo. Lọ wá ẹni tó ni ojú yìí kí o gbé e fún un."

Tìrìmísíyù kò ní èrò ibi. Ohun tó ń ṣe fún gbogbo ayé ló ṣe fún ìyá rẹ̀. Ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, kí oníbàárà tó jókòó dáadáa ló ti máa ń sọ pé, "Ẹ bá mi fọ ojú mi o." Kì í ṣe omi ni wọ́n ń sọ. Wọ́n fẹ́ kí ó sọ ojú wọn di pupa díẹ̀, kí ó máa dán. Ẹni tí kò bá fọ ojú fún, ẹni náà kì í padà wá. Ó ti fọ ojú fún wọn tó bẹ́ẹ̀ tó fi jẹ́ pé ọwọ́ rẹ̀ ń ṣe é láìbéèrè lọ́wọ́ ọkàn rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìyá kọ ojú férémù náà sí ògiri, láti ọjọ́ náà kò sì jẹ́ kí kámẹ́rà ọmọ rẹ̀ rí òun mọ́. Níbi ìnáwó ẹbí, bí ó bá ti rí i tó gbé e sókè, ìborùn ni yóò fi bojú.

Lẹ́yìn ààwẹ̀ ọdún yìí ni orúnkún bẹ̀rẹ̀ sí í da ìyá láàmú. Ó ní òun yóò fa ààrò lé Wùnmí, ọmọ òun obìnrin, lọ́wọ́. Ó wá ránṣẹ́ sí Tìrìmísíyù.

"Kí n tó kúrò nídìí ààrò, wá yà mí níbẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kan péré. Bí o bá tún gbé àlejò wá fún mi, má gbé kámẹ́rà wọ ilé yìí mọ́ títí n ó fi kú."

Ọ̀rọ̀ yìí wúwo. Ó gba ọ̀dọ̀ Godwin lọ, ọ̀rẹ́ rẹ̀ ọmọ Ìlàjẹ tó ń ya fótò nítòsí Èbúté Ìkòròdú. Godwin ní ibi tí èéfín àti iná bá ti pàdé, kámẹ́rà kì í mọ ohun tí yóò ṣe. Kí ó má jẹ́ kí kámẹ́rà parí fótò fúnra rẹ̀, kí ó yà á ní ráwù. Ó ṣàlàyé pé ráwù dà bí ẹja tútù: gbogbo ohun tí kámẹ́rà rí ló wà nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n kò tíì ṣeé jẹ. Ènìyàn ni yóò se é.

Tìrìmísíyù lọ, ó yà á. Ìyá dúró níwájú ààrò, abọ́ tánńganran funfun létí ikùn, iná èèpo àgbọn ń tàn sí i láti ẹ̀gbẹ́. Ṣùgbọ́n nígbà tó dé Ìkòròdú, kọ̀ǹpútà rẹ̀ sọ pé òun kò mọ irú fáìlì bẹ́ẹ̀ rí. Ó ní láti wá sọ́fítíwíà tí yóò ṣí i. Ibẹ̀ ni iṣẹ́ gan-an ti bẹ̀rẹ̀.

Mẹ́ta ló gbìyànjú. Àkọ́kọ́ ni èyí tí àwọn tó ṣe kámẹ́rà rẹ̀ ń fún àwọn oníbàárà wọn; kí ó tó ṣí fótò kan, ènìyàn lè ṣe àlùwàlá tán. Èkejì ni èyí tí Godwin ń sanwó rẹ̀ lóṣooṣù, ó yára bí àṣá. Ẹ̀kẹta ń jẹ́ darktable, ìyẹn tábìlì òkùnkùn, ọ̀fẹ́ sì ni. Orúkọ rẹ̀ ló kọ́kọ́ fà á mọ́ra. Yàrá òkùnkùn ni Tìrìmísíyù ti kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ Bàbá Mubashir ní ọdún 1993, níbi tí ìwé fótò ti ń lúwẹ̀ẹ́ nínú oògùn, tí ojú ènìyàn ń yọ díẹ̀díẹ̀ bí ẹni ń jí lójú oorun. Nínú sọ́fítíwíà yìí pẹ̀lú, ibi tí wọ́n ti ń tún fótò ṣe, yàrá òkùnkùn ni wọ́n pè é. Ẹ̀rín pa á. Ṣùgbọ́n bọ́tìnnì inú rẹ̀ pọ̀ bí irun orí.

Fótò kan náà ló ṣí nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ṣùgbọ́n ìyá jáde lóríṣi mẹ́ta. Ti àkọ́kọ́ pọ́n bí ata. Ti èkejì ń dán, ó jọ̀lọ̀. Ti ẹ̀kẹta rí bàìbàì bí òwúrọ̀ ọyẹ́. Ó jókòó tì wọ́n, ó ń fi ọwọ́ rẹ̀ tún èyí àti èyí ṣe. Ìyàwó rẹ̀, Hasanat, gbé oúnjẹ wọlé, ó wo ojú kọ̀ǹpútà, ó kúnlẹ̀.

"Ẹ kú ilé o, Màmá. Bàbá Ameerah, èwo nínú ìyá ọkọ mi mẹ́ta yìí ni mò ń kí?"

Tìrìmísíyù dijú, ó gbìyànjú láti rántí àwọ̀ ojú ìyá rẹ̀. Kò rántí. Ó mọ ohùn rẹ̀, ó mọ ìrìn rẹ̀ láti ẹ̀yìn, ṣùgbọ́n bí ó ṣe dúdú tó gan-an, kò mọ̀. Ó pe Godwin.

"Èwo nínú wọn ni kámẹ́rà rí?"

"Kò rí ìkankan, ẹ̀gbọ́n. Ìmọ́lẹ̀ ló kà. Àwọn tó kọ sọ́fítíwíà, kálukú ló ní bí ó ṣe ń se tirẹ̀. Ẹ wá nǹkan funfun kan nínú fótò yẹn tí ẹ mọ bí ó ṣe funfun tó, kí ẹ fi díwọ̀n àwọ̀ tó kù."

Báyìí ló ṣe wọ ọkọ̀, ó gba Ìtòíkín dé Ẹ̀pẹ́ lọ gba abọ́.

"Kí lo fẹ́ fi abọ́ ẹja mi ṣe? Hasanat kò ní abọ́ ni?"

"Mo fẹ́ fi wo funfun rẹ̀ ni, Màmá."

"Funfun bí i tìgbà wo? Àárọ̀ ló ń funfun. Tó bá ti dé iwájú iná, kì í funfun mọ́."

Ó rẹ́rìn-ín, ó gbé abọ́, ó lọ. Kò fi ọ̀rọ̀ náà sọ́kàn.

Ó gbé abọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ̀ǹpútà, ó sì tún àwọ̀ ṣe títí abọ́ inú fótò fi funfun bí tòde. Iná ààrò inú fótò sì kú. Ìyá dà bí ẹni tó dúró sí ọ́fíìsì dókítà. Ó ṣe é nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, bákan náà ló rí. Ọjọ́ kẹfà ló tó rántí ohun tí ìyá sọ. Ó dáná èèpo àgbọn sẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù, àwọn aládùúgbò rò pé ó fẹ́ yan ẹja. Ó gbé abọ́ síwájú iná, ó wò ó dáadáa: ó pọ́n díẹ̀, bí eyín ẹni tó ń jẹ obì. Àwọ̀ yẹn ló wá fún abọ́ inú fótò. Iná padà tàn.

Síbẹ̀, ojú ìyá kò tíì jẹ́ ojú ìyá. Ohun kan ṣì wà nínú rẹ̀ tó ń ṣe bí ti àlejò inú férémù àtijọ́. Darktable máa ń to gbogbo ohun tí ènìyàn ti ṣe sí fótò sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, èyí àkọ́kọ́ á wà nísàlẹ̀ pátápátá. Tìrìmísíyù bẹ̀rẹ̀ sí í kà á láti ìsàlẹ̀, ó ń fi ojú inú wá ẹ̀ṣẹ̀ tí sọ́fítíwíà ṣẹ̀. Ohun tó rí ni pé nǹkan àkọ́kọ́ tí òun fi ọwọ́ ara òun ṣe, kí ó tó fọwọ́ kan ohunkóhun mìíràn, ni pé ó fi ìmọ́lẹ̀ kún ojú. Ó ṣí àwọn méjì yòókù. Bákan náà ló ṣe nínú wọn. Kò sí ẹni tó ní kí ó ṣe é.

"Mo tún ti fọ ojú ìyá mi," ló sọ jáde.

Ó yọ ìmọ́lẹ̀ náà kúrò. Ìyá jáde wá: ó dúdú, iná ń kọ ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ òsì níbi àpá iná àtijọ́, eérú díẹ̀ sì wà níwájú orí. Ọjọ́ náà ló yan darktable. Kì í ṣe pé àwọn méjì tó kù kò mọṣẹ́; èyí ló kọ́kọ́ fi ọwọ́ ara rẹ̀ hàn án.

Ní ọjọ́ Àìkú, ó gbé fótò àti abọ́ dé Pópó Ọba. Ìyá kọ́kọ́ gba abọ́, ó yẹ ìdí rẹ̀ wò bóyá ó fọ́. Ó wá gba fótò, ó gbé e lọ sẹ́nu ọ̀nà. Ó tún gbé e lọ síwájú ààrò, níbi tí Wùnmí ti ń to ẹja. Tìrìmísíyù ń tẹ̀lé e lẹ́yìn bí ọmọ tó fẹ́ gba ẹgba. Ìyá wo fótò náà pẹ́. Lẹ́yìn náà, ó gbé etí ìborùn rẹ̀, ó fi nu iwájú orí ara rẹ̀.

"O rí eérú lójú mi, o kò sọ fún mi?"

Wùnmí bú sẹ́rìn-ín. "Màmá, inú fótò ni eérú wà, kò sí lójú yín."

"Mo mọ̀!" ni ìyá wí, ṣùgbọ́n ó tún nu ún lẹ́ẹ̀kan sí i. Ó kọ ojú sí ọmọ rẹ̀. "Wá ìṣó. Kí o sì sọ férémù tó kọjú sí ògiri yẹn kalẹ̀. Ibẹ̀ ni kí o gbé èyí kọ́."

Kí ilẹ̀ tó ṣú, mẹ́rin nínú àwọn obìnrin tí wọ́n jọ ń yan ẹja ti wá wò ó, wọ́n sì ti ní àwọn náà fẹ́. Ìyá ló to orúkọ wọn, ó sì pàṣẹ pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ kun àtíkè. Ọjọ́rú tó ń bọ̀, aago méje àárọ̀, nígbà tí iná bá ṣẹ̀ṣẹ̀ mú, ni Tìrìmísíyù yóò padà sí Ẹ̀pẹ́. Ìyá Muslimah, ọ̀kan nínú wọn, ló wà níwájú lórí ìlà.