Ọjọ́ tí A Kó Bírò Wa sínú Agolo Mílíìkì

Ọdún kẹfà rè é tí a ja ìjà bírò, ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé ọdún Iléyá, nígbà tí ẹran ọdún ṣì ń jáde nínú kúlà oúnjẹ gbogbo wa. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ inú ẹgbẹ́ ní kí n wá fọwọ́ sí ìwé àdéhùn tuntun lọ́jọ́ Ajé tó ń bọ̀, nítorí èmi lẹ fi ṣe ìyá ẹgbẹ́, orúkọ mi sì gbọ́dọ̀ wà lábẹ́ rẹ̀. Mo ti gbọ́. Ṣùgbọ́n kí n tó wá, ẹ jẹ́ kí n sọ bí a ṣe jà ní háńgà wa n'Ìkẹjà, torí mo rí i pé orin ìjà náà ni ọ̀pọ̀ nínú yín mọ̀, ẹ ò mọ ìtàn rẹ̀.

Háńgà ni ilé ńlá tí a ti ń tún hẹlikọ́pítà ṣe. Márùn-ún ni tiwa nígbà náà, wọ́n ń kó òṣìṣẹ́ lọ síbi tí wọ́n ti ń wa epo lójú òkun. Èmi Ràfíátù ni alága ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ níbẹ̀, èmi náà sì ni mò ń yẹ irin wò. Iṣẹ́ mi ni láti sọ pé irin yìí ṣì lè ṣiṣẹ́, tàbí pé tirẹ̀ ti tán. Tí mo bá ti fọwọ́ sí i nínú ìwé ẹ̀rọ, ọ̀rọ̀ ti di ti ẹ̀mí. Awakọ̀ á wo orúkọ mi, á sì gbéra.

Ẹni tó kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń di sípánà mú ni Ẹ̀gbọ́n Múfútàù, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ tó ń gbé Agége. Ọ̀dọ̀ mẹkáníìkì ọkọ̀ ni Ẹ̀gbọ́n ti kọ́ṣẹ́ kí wọ́n tó dé háńgà. Ẹ mọ àṣà àwọn mẹkáníìkì Agége: tí wọ́n bá tú ẹ́ńjìnnì, wọn kì í gbé irin dúdú síwájú ẹni tó ni ọkọ̀. Wọ́n á fi búrọ́ọ̀ṣì onírin ha á títí á fi máa kọ mànà, kí ọlọ́kọ̀ lè mọ̀ pé wọ́n ṣiṣẹ́. Ẹ̀gbọ́n gbé àṣà yẹn wọ háńgà, èmi gan-an sì máa ń yìn wọ́n. Mo máa ń ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀yin nìkan lẹ lè fọ irin tí èèyàn á fi ṣe dígí." Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn, a ó padà sórí rẹ̀.

Àárọ̀ ọjọ́ Ajé kan ni ìwé dé láti ọ̀dọ̀ àwọn tó ṣe ẹ́ńjìnnì náà. Wíìlì kan wà nínú ẹ́ńjìnnì hẹlikọ́pítà, irin róbótó tó ní eyín yí ká etí rẹ̀. Afẹ́fẹ́ gbígbóná ló ń fẹ́ ẹ tó fi ń yí. Ìwé náà ní àwọn ti rí èyí tó sán níbòmíràn. Dandan ni kí a tú gbogbo wíìlì irú rẹ̀ jáde, kí a sì yẹ̀ ẹ́ wò, kí hẹlikọ́pítà kankan tó tún fò. Tí wíìlì bá fọ́ lókè, kò sí etí títì tí èèyàn máa páàkì sí.

Ọ̀gá Dípò ló ń darí háńgà. Wọn kì í ṣe èèyàn burúkú, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni purọ́ ìyẹn fún yín. Ilé wọn l'Ọ̀mọ̀lé ni a ti jẹ ìkómọ lẹ́ẹ̀mẹta. Ṣùgbọ́n iléeṣẹ́ ti ṣèlérí fún àwọn elépo pé hẹlikọ́pítà kò ní dúró, wọ́n sì pè mí sí ọ́fíìsì.

"Àǹtí Ràfí, tá a bá tú márààrún, ọ̀sẹ̀ méjì nìyẹn. Ẹ jẹ́ ká ti kámẹ́rà tẹ́ẹ́rẹ́ yẹn bọ ihò ẹ̀, ká fi yọjú wò ó. Tí kò bá sí nǹkan kan, ẹ sáìnì, kó máa lọ."

"Ọ̀gá, ìwé ní ká tú u."

"Ìwé ní ká yẹ̀ ẹ́ wò."

"Ẹ ka ìlà kejì, Ọ̀gá. Ẹni tó bá fẹ́ mọ̀ bóyá ẹ̀wà ti jinná kì í jókòó sí pálọ̀ kó máa gbóòórùn ẹ̀."

Wọ́n rẹ́rìn-ín, èmi náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó yí ohùn padà nínú wa.

Lásìkò oúnjẹ ọ̀sán, ẹgbẹ́ pàdé. Àwọn kan ní ká já ewé, ká ti géètì. Àwọn kan ní ká lọ sí ilé ìròyìn. Ẹ̀gbọ́n Múfú ni wọ́n dìde, èèyàn tí kì í sọ̀rọ̀ nípàdé.

"Ẹ má pariwo," ni wọ́n wí. "Kí ni wọ́n ń wá lọ́wọ́ wa? Ìsáìnì ni. Ẹ jẹ́ ká wá síbi iṣẹ́, ká ṣe gbogbo iṣẹ́ tó wà nílẹ̀, ká má ṣáà sáìnì."

Wọ́n mú agolo mílíìkì ńlá tí wọ́n fi ń kó nọ́ọ̀tì irin sí, wọ́n da nọ́ọ̀tì sórí tábìlì, wọ́n sì ju bírò tiwọn sínú rẹ̀. Ó dún gbangan. Bí a ṣe tò ní ọ̀kọ̀ọ̀kan nìyẹn tí a ń ju bírò sínú agolo. Hẹlikọ́pítà tí kò ní ìfọwọ́sí nínú ìwé rẹ̀ kò gbọdọ̀ fò, ọ̀gá yòówù kó pàṣẹ. Ìyanṣẹ́lódì tí wọ́n ń fi orúkọ mi pè káàkiri yìí, orí Ẹ̀gbọ́n Múfútàù ló ti jáde.

Lọ́jọ́ kejì, a bá géètì ní títì, iléeṣẹ́ ti tì í mọ́ wa. A dúró síta nínú oòrùn, a ò ju òkúta, a ò dáná sun táyà. Ọlọ́pàá méjì wá, wọ́n wá ẹni tó ń da ìlú rú títí, wọn ò rí, wọ́n bá tọrọ omi lọ́wọ́ wa. Oníkẹ̀kẹ́ kan dúró, ó ní, "Mọ́mì, owó oṣù lẹ̀ ń jà fún ni?" Mo ní, "Rárá o, bírò ni." Ó wò mí bí ẹni pé oòrùn ti pa mí, ó sì wakọ̀ ẹ̀ lọ.

Ẹ má rò pé ẹ̀rù ò bà mí. Opó ni mí, ọmọ mẹ́ta ló ń dúró dè mí nílé ní Ìfákò-Ìjàyè. Ẹ̀rù yẹn ló sún mi dé ibi tí mo ti ṣì í sọ. Lọ́jọ́ kẹta, mo gun orí búlọ́ọ̀kù lẹ́nu géètì, mo pariwo pé, "Ẹni tó bá ní ó dára, kó gùn ún!" Àṣà iṣẹ́ wa ni mo ń tọ́ka sí: ẹni tó bá fọwọ́ sí ẹ́ńjìnnì ló ń bá awakọ̀ gùn ún nígbà tí wọ́n bá kọ́kọ́ ń dán an wò. Gbogbo èèyàn pàtẹ́wọ́. Ọ̀gá Dípò wà lẹ́yìn géètì, wọ́n sì gbọ́.

Wọ́n ní kí àwọn ẹ̀ṣọ́ ṣí géètì. Wọ́n lọ tààrà síbi hẹlikọ́pítà tó wà níta, wọ́n gùn ún, wọ́n jókòó, wọ́n de bẹ́líìtì. "Alága, mo ní ó dára, mo sì ti gùn ún. Kápútéènì, ó yá!"

Kápútéènì yìí ni awakọ̀ wa, ọmọ ìlú Port Harcourt tó gbọ́ Yorùbá ju àwọn ọmọ mi lọ. Ó ti wà lórí ìjókòó tirẹ̀, ó ń wojú mi. Àwọn kan lára àwọn èèyàn wa bẹ̀rẹ̀ sí í pàtẹ́wọ́ fún Ọ̀gá, nítorí a fẹ́ràn ẹni tó láyà nílẹ̀ yìí.

Mo ro ohun kan lọ́jọ́ náà tí mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni rí. Mo ro pé tó bá lọ tó bọ̀, ìjà wa parí. Tó bá lọ tí kò bọ̀, a borí. Ojú ara mi tì mí. Mo rìn lọ bá wọn, mo na ọwọ́ wọlé, mo sì fọwọ́ ara mi tú bẹ́líìtì náà.

"Ọ̀gá, ẹ sọ̀ kalẹ̀."

"Ẹ̀yin lẹ ní kí n gùn ún."

"Mo ṣì í sọ ni. Àyà tẹ́ ẹ ní ò lè dí irin tó bá ti sán. Tẹ́ ẹ bá lọ tẹ́ ẹ bọ̀, a ò tíì mọ nǹkan kan. Tẹ́ ẹ bá lọ tẹ́ ẹ ò bọ̀, ojú wo ni mo fẹ́ fi wo ìyàwó yín?"

Kápútéènì yọ fóònù etí rẹ̀. Ó ní, "Ọ̀gá, ẹ má bínú. Wọn ò sáìnì, mi ò lọ."

Ọ̀gá sọ̀ kalẹ̀. Wọ́n di apá mi mú pinpin láti fi sọ̀, wọn ò sì tètè fi í sílẹ̀. Ẹ̀rù ti ń ba àwọn náà láti ìbẹ̀rẹ̀.

Lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn ni wọ́n tẹ ìwé àdéhùn, lórí pépà tó nípọn tó ń dán. A ó tú wíìlì márààrún. Wọn kò ní fi ìyà jẹ ẹnikẹ́ni nítorí ìyanṣẹ́lódì náà. Ariwo ayọ̀ sọ. Mo mú bírò mi nínú agolo, mo fọwọ́ sí i, mi ò kà á lẹ́ẹ̀mejì.

Wíìlì tí a kọ́kọ́ tú ni ti hẹlikọ́pítà tí Ọ̀gá gùn. A yẹ̀ ẹ́ wò, kò sí àbàwọ́n kankan lára rẹ̀. Ọ̀gá pàtẹ́wọ́. "Ẹ rí i, àbí ẹ ò rí i?"

Mo ní, "A rí i, Ọ̀gá. Nígbà tẹ́ ẹ gùn ún, a ò tíì rí i."

Ìkejì dára, ìkẹta dára. Àwọn èèyàn wa ti ń kùn. Nígbà tó kan ìkẹrin, mo ṣe é bí mo ṣe ṣe àwọn yòókù, bí ìwé àwọn tó ṣe ẹ́ńjìnnì ṣe wí: ká má fi búrọ́ọ̀ṣì onírin kàn án rárá, omi ìfọrin nìkan ni ká rì í sí. Lẹ́yìn náà, a ó fi aró pupa kùn ún, a ó nù ún kúrò, a ó fín ẹfun funfun sí i lára. Tí irin bá sán, aró tó ti sá wọ inú ibẹ̀ á tún jáde wá sójú ẹfun. Mo dúró. Lẹ́bàá ìdí eyín kan, ìlà pupa tẹ́ẹ́rẹ́ bí okùn òwú yọ jáde.

Mo ṣí ìwé ẹ̀rọ láti mọ ẹni tó fọwọ́ sí wíìlì náà gbẹ̀yìn. Ní oṣù mẹ́jọ sẹ́yìn ni, èmi sì ni.

Mo rántí rẹ̀. Ó ti dán gan-an lọ́jọ́ náà. Nígbà tí mo fi awò tó ń mú nǹkan tóbi wò ó, mo rí ipa búrọ́ọ̀ṣì tó gba orí ibi tó sán kọjá. Búrọ́ọ̀ṣì ti fa irin bo ẹnu rẹ̀, aró ò rí àyè wọlé. Àwọn àgbà ní bí ògiri ò bá lanu, aláǹgbá ò lè ráyè wọ ọ́. Ògiri tiwa ti lanu, àwa la ha ẹnu rẹ̀ pa dé. Fún oṣù mẹ́jọ ló gbé ọmọ ọlọ́mọ lọ sójú òkun lórí orúkọ mi. Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, mo sunkún.

Ẹ̀gbọ́n Múfú bá mi níbẹ̀. Wọ́n wo wíìlì, wọ́n wo ìwé, wọ́n wá wo ọwọ́ ara wọn.

"Ràfíátù, èmi ni mo ha á."

"Èmi ni mo yìn yín, Ẹ̀gbọ́n, èmi ni mo sáìnì ẹ."

"Tí wọ́n bá gbọ́, wọ́n á ní àwa tá à ń pariwo àyẹ̀wò, a ò mọ àyẹ̀wò ṣe."

"Wọ́n á sọ bẹ́ẹ̀. Ẹ dìde, ẹ jẹ́ ká lọ sọ fún wọn."

Àwa méjèèjì la jọ gbé wíìlì náà lọ sí ọ́fíìsì Ọ̀gá Dípò. Wọ́n gbé e sún mọ́ ojú, wọ́n wò ó. Láti ọjọ́ yẹn, wọn ò tún dárúkọ kámẹ́rà mọ́.

Iléeṣẹ́ gba òǹtẹ̀ àyẹ̀wò lọ́wọ́ mi fún ọdún kan, mo ń gbé sípánà fún àwọn tí mo kọ́. Ìyẹn tọ́ sí mi. Ṣùgbọ́n wọ́n fún Ẹ̀gbọ́n Múfútàù ní ìwé pé kí wọ́n máa lọ. Mo gbé àdéhùn wa, mo sáré lọ bá Ọ̀gá. Mo ní, "Ẹ ní ẹ ò ní fìyà jẹ ẹnikẹ́ni!"

Wọ́n fi ìka sí ìlà náà. "Nítorí ìyanṣẹ́lódì, Alága. Ti búrọ́ọ̀ṣì nìyí." Wọ́n gbé ìka wá sórí ìfọwọ́sí mi. Ó dun Ọ̀gá bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́, mo rí i lójú wọn, ṣùgbọ́n wọ́n sọ ọ́. Ẹ̀ẹ̀kejì nìyẹn tí mo fọwọ́ sí nǹkan torí pé ó dán.

Mo ní kí ẹgbẹ́ tún kó bírò sínú agolo. Wọ́n ní, "Alága, a ti borí, ẹ jẹ́ ká simi." Mo lè fi agídí sí i. Mi ò fi sí i, torí ojú ṣì ń tì mí nítorí wíìlì yẹn. Ìyẹn ló dùn mí jù títí dòní.

Ohun tí a jà fún pọ̀, mo sì ń fi yangàn. Títí di bí mo ṣe ń kọ èyí, kò sí wíìlì tó ń jáde ní háńgà yẹn láìjẹ́ pé wọ́n tú u. Kò sẹ́ni tó lè fi tipátipá gba ìfọwọ́sí lọ́wọ́ ọmọ ẹgbẹ́. Hẹlikọ́pítà márààrún ń lọ, wọ́n sì ń bọ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń pè é ní ìjà àwọn arúgbó, ẹ rọra, òun lẹ dúró lé.

Mo lọ kí Ẹ̀gbọ́n lọ́sẹ̀ tó kọjá. Jẹnẹrétọ̀ ni wọ́n ń tún ṣe níwájú ilé wọn l'Ágége. Mo wá búrọ́ọ̀ṣì onírin níbẹ̀, mi ò rí. Kẹrosíìnì àti àkísà tó rọ̀ ni wọ́n fi ń fọ irin. Wọ́n ní, "Ràfíátù, irin tó bá ti dán jù, ẹ̀rù ẹ̀ ń bà mí báyìí." Wọn ò bú mi, wọn ò bi mí léèrè ohunkóhun. Wọ́n kàn gbé àga fún mi.

Mo ti ka àdéhùn yín tuntun, ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo kà á. Ó mọ́, ó gún régé, pépà rẹ̀ ń dán. Ẹ kọ orúkọ gbogbo àwọn tí iléeṣẹ́ ti lé, tó gbọ́dọ̀ gbà padà, mo sì fi ìka tọ̀ ọ́ láti òkè délẹ̀. Mi ò rí Múfútàù ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́.

Agolo mílíìkì náà wà lórí tábìlì mi níbí. Bírò mi wà nínú rẹ̀. Ẹ lọ kọ orúkọ Ẹ̀gbọ́n sínú àdéhùn náà kó tó di ọjọ́ Ajé, kí n lè mú bírò náà jáde.