Ògiri Tó Wọ́ ní Ìgèdè

Bí o bá gbé àwòrán kọ́ ara ògiri tó sì fì sápá kan díẹ̀, má jẹ́ kí Monínúọlá yà sí ilé rẹ. Kí o tó bu omi fún un, á ti dìde lọ tún un gbé. Ogún ọdún ló fi ya pílánnù ilé fún ìjọba l'Ádó, pẹ̀lú rúlà àti pẹ́ńsù, ohun tó bá wọ́ sì máa ń yọ ọ́ lẹ́nu bí akokoro inú eyín. Nígbà tí kọ̀ǹpútà dé ní 1998, ó ti lé lógójì, síbẹ̀ ó lọ kọ́ ọ ní ilé ẹ̀kọ́ kọ̀ǹpútà kan ní àdúgbò Adébáyọ̀, láàárín àwọn ọmọ tó lè bí.

Ọdún náà ni ìjọ rẹ̀ ní Ìgèdè pinnu láti wó ilé alámọ̀ tí àlùfáà wọn àkọ́kọ́ gbé. Òjò ti bà á jẹ́ kọjá àtúnṣe. Monínúọlá bẹ̀ wọ́n títí, wọn ò gbà. Ọjọ́ Ajé ni kátápílà ń bọ̀. Ó ní ó dáa, kí wọ́n jẹ́ kí òun gbé e sínú kọ̀ǹpútà kó tó lọ. Ó wọn ilẹ̀kùn, ó wọn fèrèsé, títí dórí òrùlé, ó sì yà á lọ́nà tí èèyàn fi lè yí i ká lójú kọ̀ǹpútà, kó wo iwájú, kó wo ẹ̀yìn, bí ẹni ń rìn yí ilé gan-an po.

Ibì kan ṣoṣo ló dà á láàmú. Ògiri ẹ̀yìn kò lọ tààrà. Ó tẹ̀ wọnú láàárín. "Àgbà kì í wà lọ́jà kórí ọmọ tuntun wọ́," ló wí, ó rẹ́rìn-ín, ó sì fa ìlà rẹ̀ gbọnrangandan.

Lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, ó tẹ àwòrán náà sórí bébà, ó gbé e lọ fún Màmá Sẹ̀gilọlá, arúgbó tó jẹ́ pé ìyá rẹ̀ ló fún ìjọ nílẹ̀ tí wọ́n kọ́ ilé náà sí. Ó kúnlẹ̀, ó ń retí àdúrà. Màmá wo bébà, ó yí i, ó tún wò ó.

"O kú iṣẹ́, ọmọ mi. Ulé ta nìyí?"

"Ilé àlùfáà ni, mà."

"Rárá o. Níbo ni ògiri ti yà fún igi obì ìyá mi?"

Màmá wá ṣàlàyé pé kí ìyá òun tó yọ̀ǹda ilẹ̀, ó ní ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ gé igi obì òun. Bíríkìlà tó mọ ilé náà kò bá a jiyàn, ó mọ ògiri yà fún igi. Nígbà tó yá, ìjì wó igi náà, ṣùgbọ́n àràárọ̀ ni ìyá ń jókòó sí kọ̀rọ̀ tó fi sílẹ̀, tó ń fẹ̀yìn ti ògiri, títí ó fi kú.

Ojú ti Monínúọlá gidigidi. Àṣé òun tó ń pariwo pé òun fẹ́ gba ilé yìí là, òun ti bá kátápílà wó o ṣáájú. Kò tilẹ̀ wọn ibi tó tẹ̀ yẹn.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká lọ wọ̀n ọ́n."

Wọ́n lọ. Màmá di orí téèpù mú, ó tẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri. Monínúọlá ń fà á lọ díẹ̀díẹ̀, ó ń kọ ọ́ sílẹ̀.

Wọ́n wó ilé lọ́jọ́ Ajé. Nígbà tó di Ọjọ́rú, ó mú Màmá wá sí ilé ẹ̀kọ́ kọ̀ǹpútà ní Adébáyọ̀. Nẹ́pà ṣàánú wọn, iná wà. Ó fi ìjókòó fún Màmá níwájú kọ̀ǹpútà, ó ń rọra yí ilé náà. Bó ṣe kan ògiri ẹ̀yìn, tó ti tún yà kó lè tẹ̀ wọnú fún igi obì, Màmá gbé ọwọ́ lé gíláàsì kọ̀ǹpútà.

"Dúró níbẹ̀. Má yí i mọ́," ló wí. "Jẹ́ kí ìyá mi jókòó díẹ̀."